Omídìran Pọn Ọmọ Rẹ̀ Lọ́sàn-án Gangan

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ẹ fún ara yín láyè, ẹnu ń yún mi!

Ilé-ń-pè, awo orí ilẹ̀. Odò-ń-pè, awo orí omi. Àwọn ló dífá fún Omídìran apẹja, níjọ́ tí ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ rẹ̀ ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Oṣù kan gbáko ni Omídìran máa ń lò ní àgọ́ etídò kó tó wálé. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan ó dé tòun ti apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ lórí. Àwẹ̀ró sáré wọlé, ó ní, "Ìyá mi, bàbá ẹlẹ́ja ti dé o!"

Háà! Omídìran sọ apẹ̀rẹ̀ ẹja kalẹ̀. Ó gba ilé awo lọ.

Wọ́n ní kó rúbọ: ẹyẹlé méjì, epo pupa, àti ìkòkò ẹ̀wà ńlá fún gbogbo ọmọdé àdúgbò. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ẹ̀wà bá wà lórí iná, kí òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀já ìyàwó rẹ̀ pọn Àwẹ̀ró dé etídò, kó sì padà, lọ́sàn-án gangan.

Omídìran rú ẹyẹlé, ó rú epo, ó ra ẹ̀wà. Nígbà tó kan ọ̀já, ó ń wolẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa àwọ̀n, ṣé ọ̀já ló fẹ́ borí yín?"

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yọ̀ bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún un dì. Àwẹ̀ró fi igbe ta. Bàbá jáde bẹ́ẹ̀. Àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, wọ́n ní, "Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ewu o! Ọmú ńkọ́?"

Ojú tì í, ó fẹ́ padà. Ó rántí ọ̀rọ̀ awo. Ni orin bá bọ́ sí i lẹ́nu:

Kí ló wà lẹ́yìn mi o? Ṣé ẹja ni?

Àwẹ̀ró dákẹ́ ẹkún. Ó ní, "Rárá."

Ṣé akàn ni?

"Rárá o!" Ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ta wá ni mo pọ̀n o, ta ni?

"Èmi ni! Èmi Àwẹ̀ró! Ọmọ bàbá mi ni mí!"

Áà, Omídìran jó dé etídò, ó jó padà! Àwọn tó fi í ṣẹ̀sín ló wá ń bá a gberin.

Kí wọ́n tó délé, ẹ̀wà ti jinná. Àwẹ̀ró jókòó sórí itan bàbá rẹ̀, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé òun níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Omídìran kì í sùn ju ọjọ́ mẹ́rin lọ létídò. Bó bá ti yọ lókèèrè, Àwẹ̀ró á ti gbé ọ̀já lọ pàdé rẹ̀.

Ó gbọ́ ẹbọ, ó rú u. Ó gbọ́ ìmọ̀ràn tó ń tì í lójú, ó ṣe é. Òun ló dá ọmọ padà fún un. Àwọn ọmọdé sì lá ìkòkò ẹ̀wà mọ́ féfé, kóówá gba ilé wọn lọ pẹ̀lú ikùn rogodo, wọ́n ń kọrin Àwẹ̀ró lọ.