Ẹja Méjì tí Abọ́sẹ̀dé Fi Sílẹ̀

Alágbẹ̀dẹ ni Ògúnrìndé ní ìlú Ìlódò, amọ̀kòkò sì ni Ẹfúnyẹmí, ìyàwó rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Abọ́sẹ̀dé, ibà sì pa á nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Òfò ni irú ikú bẹ́ẹ̀, a kì í ṣe òkú rẹ̀. Àwọn àgbà ilé gbé ọmọ náà lọ, wọn kò sì fi ibi tí wọ́n sin ín sí han òbí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin ilé kó ẹní rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ àti igbá tí ó fi ń jẹun, wọ́n lọ da gbogbo rẹ̀ nù sínú igbó, kí ojú ìyá rẹ̀ má baà máa rí i. Orù kan ṣoṣo ni wọn kò fọwọ́ kàn, nítorí wọ́n rò pé omi mímu ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ méjì tí ìrù wọn pupa ni ó wà níbẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ni ó fi igbá bù wọ́n lódò.

Kí ọmọ náà tó kú, Bàbá Abọ́sẹ̀dé ni Ẹfúnyẹmí máa ń pe ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ikú náà, kò rí ohun mìíràn pè é mọ́. “Ẹ gbọ́” ni ó kù láàárín wọn.

Bí oṣù kan ti kọjá, èyí tí ó jẹ́ abo nínú ẹja méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ikùn. Ẹfúnyẹmí lọ sí etí odò, ó bẹ Baba Fágbàmílà, apẹja àgbà, pé kí ó wá bá òun wò ó. Baba náà dé, ó yọjú sínú orù, ó mi orí.

“Ẹyin ló wà nínú rẹ̀,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n bí ó bá yé e sínú orù yìí, àwọn fúnra wọn ni yóò jẹ ẹ́. Ẹyin ẹja ń fẹ́ ibi ìsápamọ́. Ẹ wá koríko kúkurú tí ó máa ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò bí ẹní, kí ẹ sì gbìn ín sínú ohun tí ó fẹ̀ jù èyí lọ.”

“Ṣé yóò hù nílé, Baba?” ni Ògúnrìndé béèrè.

“Yóò hù, bí ọwọ́ rẹ bá lè jìnnà sí i. Alágbẹ̀dẹ, èyí kì í ṣe ọkọ́ o! A kì í fi ẹwìrì fẹ́ ẹ.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ ti kú, Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Baba Fágbàmílà wá jókòó, ó la ọ̀nà iṣẹ́ náà fún wọn. Kí wọ́n tẹ́ ẹrẹ̀ dúdú sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi iyanrìn odò bò ó. Kí wọ́n ya koríko náà sí ìdì kéékèèké, kí ìdì kan má fara kan èkejì, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni yóò nà dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Kí wọ́n má bu omi kún un. Kí wọ́n kàn máa wọ́n omi sí i kí iyanrìn rẹ̀ má gbẹ, kí wọ́n sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó lójú oòrùn.

“Ewé tí ó bá ti odò wá yóò rà,” ni baba náà wí. “Kí ẹ̀rù má bà yín. Gbòǹgbò ni kí ẹ máa retí. Bí oṣù méjì bá pé, tí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i tí ìdì kankan kò mì, ẹ wá rọra máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹja ni yóò kẹ́yìn.”

“Ẹja yìí yóò ha dúró fún oṣù méjì?” ni Ògúnrìndé béèrè.

“Bí èyí bá yé ẹyin tí wọ́n jẹ ẹ́, yóò tún yé òmíràn. Kí ó ṣáà wà láàyè.”

Ẹfúnyẹmí fi amọ̀ mọ ọpọ́n ńlá kan, ó sun ún, ó sì gbin koríko náà gẹ́gẹ́ bí baba ti wí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹsàn-án, gbogbo ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tí ó ti lóṣòó ti ọpọ́n, ìdì koríko kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ gbọ́, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?”

“Mo ń wò ó bóyá ó ti mú ilẹ̀ ni.”

“Bí ẹ bá ń hú u wò, báwo ni yóò ṣe mú ilẹ̀?”

“Bí mo bá ki irin bọ iná, mo máa ń fà á jáde wò. Alágbẹ̀dẹ tí kò bá wò ó ni irin ń jóná mọ́ lọ́wọ́.”

“Èyí kì í ṣe irin.”

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe irin! Ṣùgbọ́n àwọn ẹja yẹn ni gbogbo ohun tí ó kù fún wa nínú ọmọ yẹn. Ṣé kí n wá jókòó, kí n máa wo koríko tó ń jẹrà?”

Ẹfúnyẹmí gba ìdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sínú iyanrìn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi di dandan fún un láti bá àwọn amọ̀kòkò ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wa amọ̀ ní oko, fún ọjọ́ márùn-ún. Kí ó tó jáde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, omi nìkan ni kí ẹ máa wọ́n sí i.” Ọkọ rẹ̀ ní òun gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì tí ó lọ, Ògúnrìndé yọjú wo orù. Ikùn abo ẹja náà ti kún débi pé kò lè yípo dáadáa mọ́. Ó wo koríko, ó rí i bí òkú. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó gbọ́ pé àwọn àgbẹ̀ a máa fi ìgbẹ́ adìẹ ran ilẹ̀ lọ́wọ́, ó bù ú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ iyanrìn. Ó fi àtàǹpàkò ki koríko náà mọ́lẹ̀ ní ìdì kọ̀ọ̀kan, ó gbé òkúta lé wọn lórí kí wọ́n má baà léfòó. Ó wá pọn omi ìkòkò mẹ́rin, ó dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tú ẹja méjèèjì sínú rẹ̀.

Ẹja ń yípo nínú ọpọ́n. Ògúnrìndé jókòó tì wọ́n títí oòrùn fi wọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń rò ó bí ẹnu yóò ti ya ìyàwó rẹ̀ tí ó bá dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà ṣú. Ní ọjọ́ karùn-ún tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, ó ń rùn, àwọn ẹja sì gbé ẹnu sókè omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Ó sáré lọ pọn omi mìíràn. Kí ó tó dé, wọ́n ti dojú ikùn sókè.

Ẹfúnyẹmí dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó sọ amọ̀ kalẹ̀, ó wo ọpọ́n.

“Mo fẹ́ kí o dé bá a pé iṣẹ́ náà ti parí ni,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

Obìnrin náà ki ọwọ́ bọ omi, ó ṣí òkúta kan, ó sì fa ìdì koríko kan yọ. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, wọ́n tín-ínrín bí irun, wọ́n sì pọ̀. Ewé tuntun kan ti yọ níbi tí àtijọ́ ti rà, òkúta ti tẹ̀ ẹ́ pa. Ó gbé e kalẹ̀ sí etí ọpọ́n níwájú ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú abo ẹja náà, ẹyin ṣì kún inú rẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Ògúnrìndé.

“Ẹ pa ojú rẹ̀ dé,” ni ó wí.

Ògúnrìndé fi àtàǹpàkò kan ojú ẹja náà. Kò ní ìpéǹpéjú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó le bí ọta. Ọwọ́ tí ń tẹ irin kò rí ojú ẹja tẹ̀.

“Ó le,” ni ó wí.

“Ẹ lù ú, ẹ̀yin tí ẹ ní agbára. Ti Abọ́sẹ̀dé, àwọn àgbà bá wa pa á dé. Ta ni yóò bá wa pa èyí dé?”

Ó gbé ọpọ́n náà da sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì padà lọ síbi amọ̀ rẹ̀. Tọkọtaya náà ṣì gbé pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó jẹ́ ti Abọ́sẹ̀dé nínú ilé náà mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń kánjú lójú Ẹfúnyẹmí, gbólóhùn kan náà ni ó máa ń sọ fún un. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà Ìlódò ti gbọ́ ọ, tí ó fi di òwe títí di òní, pé: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko bí ojú ẹja.