Àkísà Akínpẹ̀lú

Oòrùn ò tíì yọ lọ́jọ́ náà, ọyẹ́ sì ń fẹ́ débi pé ètè ń bẹ́, nígbà tí Akínpẹ̀lú dé ìdí ilé tuntun tí wọ́n ń mọ fún Baálẹ̀ Ìdí-Àfọ̀n.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀, tó sì ń mọ ògiri. Nígbà tí olórí àwọn mọlémọlé kú, gbogbo ìlú rò pé Akínpẹ̀lú ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Àfi bí Ládéjọbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga òkèèrè dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ sára awọ ẹran. Baálẹ̀ wo ìwé náà, kò wo ọwọ́ Akínpẹ̀lú. Ládéjọbí di olórí. Akínpẹ̀lú padà sínú amọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àrẹ̀mú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àṣà àwọn mọlémọlé ni pé bí wọ́n bá mọ ìpele ògiri kan, wọn yóò ki aṣọ bọ ihò kékeré lára rẹ̀ mọ́jú. Bí aṣọ bá gbẹ láàárọ̀, wọ́n á mọ ìpele mìíràn lé e. Bí ó bá tutù, wọ́n á dúró. Ládéjọbí náà kà á nínú ìwé.

Akínpẹ̀lú fa àkísà tirẹ̀ yọ, ó fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tutù.

“Ọ̀gá, ọyẹ́ ló gbẹ ẹ̀yìn ògiri yìí, inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ọjọ́ méjì sí i.”

“Àkísà yín ni?” ni Ládéjọbí wí. “Òógùn ọgbọ̀n ọdún ló wà lára ìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà wo ló gbẹ rí?”

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Àrẹ̀mú náà rẹ́rìn-ín.

Ládéjọbí fa aṣọ funfun tuntun tirẹ̀ yọ nínú ihò kejì. Ó gbẹ. “Ẹ wò ó. Ẹ gbé amọ̀ wá.”

Wọ́n mọ ìpele kẹrin. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ògiri wó lu Àrẹ̀mú. Nígbà tí wọ́n fi máa wú u jáde, ó ti kú.

Baálẹ̀ dé, wọ́n ròyìn ọ̀rọ̀ àárọ̀ fún un, ó ní kí wọ́n kó aṣọ méjèèjì wá. “Akínpẹ̀lú, ògiri kan náà ni. Kí ló dé tí tìrẹ mọ̀, tí ti Ládéjọbí ò mọ̀?”

“Baba, aṣọ tuntun kì í mumi. Ó ṣì le, omi ń yọ̀ lára rẹ̀ ni. Apá dàńṣíkí tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ po amọ̀ lèyí. Àwọ̀gbó àti àfọ̀gbó ló kọ́ ọ ní omi mímu.”

Baálẹ̀ mi orí. Ó wo ìwé ẹ̀rí tó wà lábẹ́ abíyá Ládéjọbí. “Ó dára. Fún olórí rẹ ní àkísà náà, kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ mọ́.”

Ládéjọbí na ọwọ́.

“Baba,” ni Akínpẹ̀lú wí, “ó lè láṣọ bí tèmi. Àkísà ni kò lè ní bí tèmi.”

Ó tẹ́ àkísà náà bo ojú Àrẹ̀mú, ó gbé ọkọ́, ó lọ gbẹ́ sàréè ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn àgbà gbé, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.