Ìdí Tí Ìgbín Fi Ń Fa Orí Wọ Ìkarahun

Nígbà láéláé, àwọn ẹranko máa ń ṣe àáró: oko ẹnìkan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kò mọ orúkọ ọmọ rẹ.

Èyí ń dun Àgbọ̀nrín tó jẹ́ olórí wọn. Ó ní, "Ẹ ò lè máa bá ara yín ṣiṣẹ́ bí àlejò. Láti òní lọ, kí kálukú sàmì sí ewé kan, kó jù ú sínú agbọ̀n. Èmi á máa mú ewé jáde ní méjì méjì. Àwọn tí ewé wọn bá jọ jáde ni yóò jọ jẹun ọ̀sán. Kí kálukú sì sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí fún ìkejì rẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, ewé Ìgbín àti ti Àparò ló kọ́kọ́ jáde.

Ẹ mọ Ìgbín. Kó tó dé abẹ́ igi, àwọn yòókù á ti jẹun tán, òun nìkan ni yóò dá jẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bá Àparò níbẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Áà, o dúró dè mí!" Inú Ìgbín dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Àparò sọ tirẹ̀: aṣọ kan ṣoṣo lòun ní, òun kì í sì í fọ̀ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbín wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti yé ẹyin. Abẹ́ ebè tó kángun sí odò ni mo bò wọ́n mọ́. Ìwọ nìkan lo mọ̀ o."

"Wọ́n á dàgbà lójú ẹ," ni Àparò wí, ó sì tinú rẹ̀ wá.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mú ewé. Ojoojúmọ́ ni Àparò ń wá ohun tuntun sọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti tán pátápátá. Ìjàlọ ló sì bá jókòó lọ́jọ́ náà, tí ìyẹn tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti jókòó láìsọ nǹkan. Ó bá sọ ti Ìgbín.

Ìjàlọ kò jẹun mọ́. Ó dìde, ó lọ pe àwọn ará ilé rẹ̀.

Nígbà tí Ìgbín fi máa fà dé etí odò, èèpo ẹyin ló bá.

Àgbọ̀nrín pe gbogbo wọn jọ. "Ìgbín, ta lo sọ fún?"

"Ẹnì kan ṣoṣo."

Àparò bú sẹ́kún. "Mi ò ní ibi nínú! Ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu mi."

Àwọn àgbà mirí. Àìmẹ́nu, àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni tọ̀tẹ̀ yìí bá.

Ìgbín kò jà. Ó wo Àparò títí, ó sì rọra fa orí wọ inú ìkarahun. Wọ́n pè é títí, kò yọjú.

Láti ọjọ́ náà ni Ìgbín ti ń fa ìwo àti orí wọlé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ọmọdé máa ń rò pé eré ló ń bá yín ṣe. Kì í ṣe eré. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹ fẹ́ bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí.