Télọ̀ Tó Kí Àna Rẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́

Télọ̀ kan wà ní ìlú kan lẹ́sẹ̀ òkè, ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n kí èèyàn ju bó ṣe mọ abẹ́rẹ́ lọ. Bó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, àyà rẹ̀ a kan ilẹ̀ gbì. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn ló fẹ́ fi ṣaya, bàbá ọmọ náà sì ti dá ọjọ́ ìdána fún un. Wolé-wolé tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá yìí. Ogún ọdún ló fi ń yẹ ìkòkò omi àti ṣáláńgá onílé gbogbo wò, kò sì sẹ́ni tó ń kọjá lára rẹ̀ láìkí i títí dòní.

Ní ìlú náà, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, àwọn tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ a máa fi sáré ìje nínú ẹrẹ̀ lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Kò sẹ́ni tó fi ṣe iṣẹ́ nínú wọn, ìdárayá lásán ni. Wọ́n á yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Wọ́n á gba orí koríko, wọ́n á wọ ẹrẹ̀ etí odò, wọ́n á wá dé ibi tí a to pákó dábùú ọ̀nà. Níbẹ̀ ni kálukú á ti bọ́ sílẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, á fo pákó kọjá, á tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tó yára á máa lé ẹni tó ń rọra lọ bá láti ẹ̀yìn, kò sì sí bí kò ṣe ní kọjá lára rẹ̀. Nítorí orúnkún tó ń dùn ún, kó lè máa fi kẹ̀kẹ́ nà án, ni Bàbá wolé-wolé ṣe ń sá eré yìí. Ní ti télọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé kan, ní ìyípo kẹta, télọ̀ lé àna rẹ̀ bá ní ibi tóóró kan létí odò. Ara rẹ̀ kò gbà á. Báwo lèèyàn ṣe máa ré kọjá lára bàbá ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lójú ọ̀nà? Ó tẹ orí ba lórí kẹ̀kẹ́, ó sì ké tòò: "Ẹ kú ìdárayá o, Bàbá! Ẹ kú ẹrẹ̀! Ilé ńkọ́, sà?"

Àgbà kì í gbọ́ ìkíni kó má dáhùn. Bàbá yíjú sẹ́yìn láti jẹ́ ẹ, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì bá ojú lọ. Kó tó sọ pé dáadáa ni wọ́n wà, òun àti kẹ̀kẹ́ ti wà nínú odò. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi lè gbé ṣíbí. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ránṣẹ́ sí télọ̀ pé kí wọ́n so ọ̀rọ̀ ìdána rọ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ náà rú télọ̀ lójú pátápátá. Ó jókòó nídìí máṣíìnì, ó ń rán apá ẹ̀wù mọ́ ọrùn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo lòun ṣẹ̀? Bí òun bá dákẹ́, wọn á ní òun ò lẹ́kọ̀ọ́. Òun sì kí wọn, wọ́n ṣubú. Ó rò ó títí, ó ní ó ní láti jẹ́ pé kíkọjá gan-an ló burú. Ó búra pé òun ò tún ní kọjá lára àna òun mọ́ láyé.

Lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí ọwọ́ Bàbá san, télọ̀ tún lé e bá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ̀rọ̀. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà Bàbá. Ọwọ́ òsì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ọwọ́ òsì kọjá lára àna rẹ̀? Ó kúkú ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ sí àgbà náà lọ́rùn, ó sì rò pé ọ̀wọ̀ lòun ń bù fún un. Bàbá ń gbọ́ èémí yìí, kò mọ ẹni tó ni ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju agbára rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ibi pákó, ó bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ pákó, ó ṣubú. Télọ̀ tó ti sún mọ́ ọn jù já lù ú tòun ti kẹ̀kẹ́.

Bàbá dìde, ẹrẹ̀ bò ó lójú. Ó ní, "Kí ni mo fi ṣe ọ́? O sọ̀rọ̀, o jù mí sódò. O dákẹ́, o gùn mí mọ́lẹ̀. Ṣé ọmọ mi lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi ni, àbí ẹ̀mí mi?"

Télọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń lọ. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ìbídùn wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, télọ̀ sì rojọ́ fún un.

"Mo kí wọn, ó dìjà. Mo dákẹ́, ó dìjà. Kí ni Bàbá ń fẹ́ gan-an?"

Ìbídùn ní, "Nígbà tí ẹ kí wọn, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀?"

"Pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn."

"Nígbà tí ẹ dákẹ́ ńkọ́?"

"Ohun kan náà ni."

"Ẹ ò rí i? Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ti ara yín lẹ̀ ń rò. Bàbá wà nínú ẹrẹ̀, wọn ò rí ẹ̀yìn. Ibi tí ẹ máa gbà ni wọ́n fẹ́ mọ̀, kí wọ́n lè gbájú mọ́ tiwọn."

Télọ̀ yí ọ̀rọ̀ yìí síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ká tilẹ̀ sọ òótọ́, kò yé e. Ṣé gbólóhùn ṣókí ni wọ́n ń jù sí àgbà, bí ẹni tó ń pe alábàárù? Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì bẹ̀rù kó má pàdánù rẹ̀. Ó ní òun á gbìyànjú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá tún wá, agídí ló ń bá a jà. Létí odò, níbi tóóró yẹn náà, télọ̀ rí i níwájú. Ó dẹwọ́ eré. Ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn títí ọ̀nà fi já sórí koríko tó fẹ̀. Nígbà náà ló tó pè é láti òkèèrè: "Bàbá, èmi ni. Ọwọ́ òsì yín ni mo máa gbà. Ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀." Òsì tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ta á létí bí èébú.

Bàbá kò yíjú. Ó na ìka kan sókè, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ tààrà. Télọ̀ gba ibi tó jìnnà sí i dáadáa, kò sì padà sójú ọ̀nà títí ó fi ṣíwájú rẹ̀ gan-an.

Nígbà tí eré parí, tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ti kan ilẹ̀, télọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kó tó la ẹnu, Bàbá ní, "Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan, sà."

"O ti kí mi lórí koríko. Dìde. Kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀ fún ìdána."

Télọ̀ dìde, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n títí ó fi délé ló ń bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo lòun kí wọn.

Ìwọ ọmọ mi obìnrin tó wá bá mi láàárọ̀ yìí, ìwọ ni mò ń pa ìtàn yìí fún. Níbi iṣẹ́ rẹ, wọ́n fi ọ́ ṣe olórí lé àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ lórí. O ní kò yé ọ ìdí tí wọ́n fi ń bínú, nígbà tó jẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ lo ti ń kí wọn láràárọ̀. Mo gbà, ò ń kí wọn. Ta ló wá sọ fún wọn pé ò ń bọ̀? Ara ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni wọ́n ti ka orúkọ rẹ, bí àjèjì. Kò sẹ́ni tó ní kí o má kọjá, ọmọ mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá, dandan ni kó kọjá. Lọ bá wọn lónìí, kí iṣẹ́ tó há mọ́ yín lọ́wọ́. Sọ ibi tí o máa gbà fún wọn, kí o sì fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti máa bá tiwọn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó kúnlẹ̀.