Olórí Ẹgbẹ́ Tó Gbé Báàgì Ara Rẹ̀

Ọláìtán ni wọ́n rẹ́ jẹ, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ìlú wa. Gbèdéke wà fún àpapọ̀ owó oṣù tí ẹgbẹ́ kan lè san. Ẹgbẹ́ tó bá kọjá rẹ̀ yóò san owó-orí gọbọi. Síbẹ̀ Gbádébọ̀, olórí ẹgbẹ́ wa, ní àfi kí wọ́n fi kún owó òun. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ gbà, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ san owó-orí, ni wọ́n bá lé Ọláìtán, ọ̀rẹ́ Gbádébọ̀ tí wọ́n jọ ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn láti kékeré.

Nínú eré àkọ́kọ́, àwọn alátakò ká Gbádébọ̀ mọ́, kò rí ẹni gidi ju bọ́ọ̀lù sí. Wọ́n nà wá lójú gbogbo ìlú.

Àwọn àbúrò inú ẹgbẹ́ ló máa ń gbé báàgì olórí ẹgbẹ́ lẹ́yìn eré. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

“Ẹ bá mi gbé e,” ni Gbádébọ̀ wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Adéwùmí, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà, dáhùn: “Bọ̀ọ̀dá mi, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣebí owó Ọláìtán ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò wá lágbára àtigbé báàgì?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bo Gbádébọ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ọláìtán ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

“Gbádé, dá àfikún yẹn padà, kí wọ́n lè gbà mí padà.”

Gbádébọ̀ dorí kodò, ó gbé báàgì rẹ̀ kọjá lọ.