Oníbúrẹ́dì àti Àbúrò Rẹ̀ Tí Kì Í Ṣàfikún

Ọkùnrin kan wà tí ó ń ṣe búrẹ́dì, òun àti àbúrò rẹ̀. Àbúrò yìí kò ya ọ̀lẹ, kò sì jalè, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ní kó ṣe nìkan ló máa ń ṣe. Bí o bá ní kó gbé àga, tí o kò sọ ibi tí yóò gbé e sí, orí rẹ̀ ni àga náà yóò wà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n fi òfin lélẹ̀ fún un: "Láràárọ̀, kí o tó dáná sí ààrò, wo àpòpọ̀ àná tó wà nínú ọpọ́n. Bí mo bá ti pààrọ̀ fúláwà, tàbí omi, tàbí ìwúkàrà, dà á nù, kí o tún òmíràn pò. Bí n kò bá pààrọ̀ ìkankan, má fi ohun rere ṣòfò. Yan án bẹ́ẹ̀." Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi òfin yìí jẹun.

Oníbúrẹ́dì wá ń fẹ́ opó kan tí ó jẹ́ tíṣà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ojoojúmọ́ ló ń fá irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n tíṣà ní àtọ̀gbẹ, dókítà sì ti ka ṣúgà léèwọ̀ fún un. Ó ti sọ ọ́ gbangba: "Ọkùnrin tí kò bá lè rántí ohun tí n kì í jẹ, n kò lè bá a gbé o." Oníbúrẹ́dì ṣèlérí búrẹ́dì tí kò ní ṣúgà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé agolo ṣúgà kúrò lórí pẹpẹ, ó ń súfèé lọ sílé.

Láàárọ̀, àbúrò wo fúláwà: tàná náà ni. Ó wo omi, ó wo ìwúkàrà: tàná náà ni. Ó yan àpòpọ̀ tó ti fi ṣúgà pò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi aṣọ funfun wé búrẹ́dì náà, ó gbé e lọ. Tíṣà bù ú sẹ́nu, ó tu ú sọ́wọ́.

"Bàbá Oníbúrẹ́dì, ṣé ìyàwó lẹ ń wá ni àbí òkú?"

Ó bẹ̀bẹ̀ títí obìnrin náà fi gbà pé òun yóò wá tọ́ òmíràn wò ní ọ̀túnla, kò tún ní sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Oníbúrẹ́dì sáré padà, ó kọjú ìjà sí àbúrò rẹ̀.

"Bọ̀dá mi," ni àbúrò wí, "ẹ ò dárúkọ ṣúgà."

Inú bí i. "Ó dáa! Láti òní lọ, ohun yòówù kí n pààrọ̀, tún gbogbo ohun tó wà níbí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀!"

Ní ọjọ́ tí tíṣà ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n ra ọ̀rá tuntun tí wọn yóò fi di búrẹ́dì. Nígbà tí òun àti tíṣà jọ wọlé, àbúrò ti wó ààrò dé ìdajì, amọ̀ kùn ún dé ìgbúnwọ́.

"Ẹ pààrọ̀ ọ̀rá," ni ó wí.

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò fúláwà. Ó ní, "Ẹ má bá a jà. Ṣúgà wà nínú àpòpọ̀, ẹ dárúkọ ṣúgà fún un. Ọ̀rá kò sí nínú ààrò, ẹ jẹ́ kí ààrò sinmi."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún ààrò mọ. Nígbà tí ààrò gbẹ, búrẹ́dì jáde. Ó rí bí páálí lẹ́nu. Tíṣà jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ìgbà wo làwọn èèyàn yín ń bọ̀ wá tọrọ mi?"

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí o ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń to ètò rẹ pọ̀, àbúrò yẹn ni kọ̀ǹpútà rẹ. Fáìlì tí o kò bá dárúkọ, kò ní wò ó. Wàá tún un ṣe tán, ti àtijọ́ ni yóò ṣì máa gbé fún àwọn èèyàn. Bí o bá sì fi ìbínú ní kó máa tún gbogbo rẹ̀ kọ́ lójoojúmọ́, wàá jókòó tì í títí iṣẹ́ yóò fi sú ọ. Nídìí ohun kọ̀ọ̀kan, kọ gbogbo ohun tí a fi ṣe é. Má dín in kù, má fi kún un. Ẹnì kan ń retí ohun tí ò ń ṣe. Má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu rẹ̀ ni wàá ti gbọ́ àṣìṣe rẹ.