Kọ́kọ́rọ́ Méjì fún Ọrun Kan

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa yìí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ káfíńtà. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Iwájú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ ń fá pákó ní apá ọ̀tún, aya ń tẹ máṣíìnì ní apá òsì, eruku pákó a sì máa bà lé aṣọ oníbàárà. Ìjà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ wọn nìyẹn.

Oyèdìran, má wo aago. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí o wá sọ nípa ìyàwó rẹ àti ìyá rẹ. Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n ìtàn ló máa ṣáájú, torí bí mo ṣe mọ̀ ọ́ láti ìgbà tí o wà ní kíláàsì mi, tí o bá ti gba ìdáhùn báyìí, o ti dìde nìyẹn.

Nígbà tí àwọn ọmọ wọn ti lọ tán, ilé dákẹ́ mọ́ wọn lórí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí pápá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ girama, níbi tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ọfà títa. Kí n má purọ́, èmi ni olùkọ́ náà. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ara mi kò sì gbà kí n jókòó. Mo ki àkísà sínú àpò ìrẹsì, mo lẹ bébà tó ní àmì róbótó pupa mọ́ ọn lójú, mo sì kéde pé àgbà tó bá ṣì lè gbé garawa omi kan, yóò lè fa ọrun. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló jẹ́ mi lóhùn. Tọkọtaya yìí ló mọ̀ ọ́n ta jù nínú wọn. Wọ́n ga dọ́gba, apá wọn gùn dọ́gba, nítorí náà ọrun kan tó àwọn méjèèjì.

Lọ́dún kan, a gbọ́ pé ìdíje kan ń bọ̀ fún àwọn àgbà. Tọkọtaya ni yóò ta, ọrun kan náà ni wọn yóò sì jọ lò. Inú àwọn méjèèjì dùn bí ọmọ tí wọ́n rán aṣọ ọdún fún. Ọmọbìnrin wọn tó wà lókè òkun gbọ́, ó sì fi ohun ìfojúsùn kan ránṣẹ́. Ohun kékeré kan báyìí ni, tí wọ́n máa ń dè mọ́ ara ọrun, lókè ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Píìnì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, orí wọn sì ń tàn. Ti òkè wà fún ogún ìṣísẹ̀, ti àárín fún ọgbọ̀n, ti ìsàlẹ̀ fún ogójì. Ìwọ á kàn gbé píìnì lé àmì, wàá sì jọ̀wọ́ ọsán kí ọfà máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é, irọ́ ló máa ń pa. Àfi kí ènìyàn ta ọfà, kó yí i díẹ̀, kó tún ta, kó tún yí i, títí yóò fi máa sọ òótọ́. Sikúrù kan wà lára rẹ̀ tó ń sún píìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kọ́kọ́rọ́ irin kékeré ni wọ́n sì fi ń yí i. Méjì ni kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú páálí rẹ̀. Ọkọ mú ọ̀kan, aya mú ọ̀kan.

Mo kọ́ wọn ní òfin méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n má fọwọ́ kan sikúrù títí wọn yóò fi ta ọfà mẹ́ta, torí ẹlẹ́rìí kan kò tó. Èkejì ni pé ibi tí ọfà bá lọ ni kí wọ́n sún píìnì lọ. Bó bá lọ sókè, kí wọ́n sún un sókè. Bó bá ya sí òsì, kí wọ́n sún un sí òsì. Òfin kẹta wà tí n kò sọ. N kò rántí rẹ̀ rárá, torí nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ́ rí, ọrun tirẹ̀ ni oníkálukú ń lò. Ọwọ́ mi ni ẹ̀bi yẹn wà.

Nítorí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti ìsọ̀, ọkọ a máa wá sí pápá láàárọ̀, aya a máa wá nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ Ajé ni káfíńtà kọ́kọ́ lò ó. Ó ta mẹ́ta, ó yí i, ó ta mẹ́ta, ó yí i, títí ọfà fi ń wọ inú pupa. Ó gbé ọrun kọ́ sínú yàrá kékeré tó wà létí pápá, ó sì lọ sílé pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó dé. Ó gbé píìnì òkè lé àmì, ó ta mẹ́ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ya díẹ̀ sí ọ̀tún. Ó tún ta mẹ́ta mìíràn, ibẹ̀ náà ni. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó mọ irú ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́. Ọkùnrin tó lè wo tábìlì láti ẹnu ọ̀nà kó sọ pé ẹsẹ̀ kan kúrú, kí ló lè mú un yí píìnì báyìí? Ó ronú títí, ó sì gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ẹtí ìró, ó sún píìnì lọ sí ìsàlẹ̀ àti sí ọ̀tún títí ọfà fi wọ inú pupa, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ nílé pé ọrun náà dára gan-an ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ ta mẹ́ta. Gbogbo wọn lọ sókè, wọ́n ya sí òsì. Ó mọ̀ pé òun kọ́ ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rántí pé ọjọ́ orí tí ìyàwó òun wà yìí ni ìyá obìnrin náà wà nígbà tó fọ́jú. Ó jókòó sórí koríko fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ jáde, ó tún un yí padà, kò sì sọ nǹkan kan fún un.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni ọ̀kan ń tún ohun tí èkejì ti ṣe ṣe, ojoojúmọ́ sì ni ìbànújẹ́ wọn ń pọ̀ sí i. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú aya, kó lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ bíi mẹ́wàá fún un, kó tò wọ́n sórí tábìlì rẹ̀. Aya bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ayùn tó mú jù pamọ́ kó má baà gé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Káfíńtà wá ayùn títí, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru gbogbo ọmọ àdúgbò.

Lọ́jọ́bọ̀, káfíńtà wá bá mi. Ó ní kí n sọ fún ìyàwó òun pé wọ́n ti fagi lé ìdíje, torí òun kò fẹ́ kí ojú tì í níwájú àwọn ará ìlú mìíràn. Ó ní ojú rẹ̀ ti ń lọ. Omi wà lójú òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo fẹ́ gbà fún un, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyàwó rẹ̀ náà dé, ó sì jókòó. Ó ní kí n bá òun purọ́ fún ọkọ òun pé orúnkún ń dun òun, pé òun kò ní lè lọ sí ìdíje mọ́. Ọwọ́ ọkọ òun ló ní ó ti ń gbọ̀n. Ó ní ká fi ọ̀rọ̀ náà ṣe tòun, kí ọkùnrin náà má baà mọ̀.

Oyèdìran, ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì gbọ̀n mí, mo sì gbé méjèèjì mì. Mo kàn sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kó wá sí pápá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, láàárọ̀.

Wọ́n wá. Wọ́n ti ìsọ̀ pa. Ọkọ ti ṣáájú dé, ó sì ti yí píìnì bó ṣe máa ń yí i. Mo ní kó ta. Ó ta mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú pupa. Ìyàwó rẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú mi. Mo ní kí òun náà ta. Ó ta mẹ́ta, wọ́n bọ́ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n sì sún mọ́ra débi pé ẹyin adìẹ kan lè bo gbogbo wọn.

Ọkọ rẹ̀ yára sọ̀rọ̀. Ó ní, "Atẹ́gùn ni."

Ewé kan kò mì ní gbogbo pápá náà.

Mo sọ fún obìnrin náà pé kó yí i sí bó ṣe fẹ́. Ó tú ẹtí ìró rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó yí i, ó sì ta mẹ́ta sínú pupa. Ẹnu ya ọkọ rẹ̀. Ojú tó ń lọ kì í ta báyẹn. Mo gba ọrun, mo gbé e fún un, mo ní kó tún ta. Tirẹ̀ lọ sókè lápá òsì, àwọn náà sún mọ́ra.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó ní, "Atẹ́gùn náà ni, Bàbá Ìdòwú."

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé, "Ṣé ìwọ lo ń yí i?"

"Lójoojúmọ́. Mo rò pé ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n. N kò fẹ́ kí ẹ mọ̀."

"Èmi rò pé ohun tó ṣe ìyá rẹ ló ti dé bá ọ."

Obìnrin náà wá béèrè bóyá ọkọ òun ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ òun. Ọkọ rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó náà sì jẹ́wọ́ pé ayùn ọkọ òun wà nínú àpótí aṣọ, lábẹ́ gèlè. Wọ́n jókòó sórí koríko, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ọkùnrin náà di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ibi tí mo lè wò.

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ òfin kẹta fún wọn, mo sì tọrọ àforíjì. Ojú ẹnìkan ṣoṣo ni píìnì máa ń bá mu. Ọkọ a máa fa ọsán dé abẹ́ àgbọ̀n, aya a máa fà á dé igun ẹnu. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìka méjì lọ, ṣùgbọ́n ní ogún ìṣísẹ̀, ó ti di nǹkan ńlá. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo rí ojú ihò lára bébà, torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í kó ọfà jọ. Fífọ́n ló máa ń fọ́n wọn ká, bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ. Kò sí ẹni tó ń tàsé nínú wọn.

Ọkọ fi pẹ́ńsù fa ìlà kan síbi tó bá ojú tirẹ̀ mu. Aya fi ọ̀dà èékánná fa tirẹ̀. Wọ́n sì ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá ta tán ni yóò yí píìnì sí ìlà ẹnì kejì, kó tó gbé ọrun fún un. Ipò kẹrin ni wọ́n gbé ní ìdíje. Tí o bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wàá rò pé ayé ni wọ́n ṣẹ́gun.

Ó tó. Ìwọ ló kàn, Oyèdìran.

O ní ìyá rẹ ti sú ìyàwó rẹ. O ní láàárọ̀, kí o tó lọ síbi iṣẹ́, ìwọ lo máa ń fi aṣọ tó nípọn bo ìyá, tí o máa ń ti fèrèsé, tí o máa ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Tí o bá sì padà dé, wàá rí i pé wọ́n ti ká aṣọ náà kúrò, fèrèsé ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi tútù ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo alẹ́ lo ń tún un ṣe, o kò sì sọ̀rọ̀, torí o kò fẹ́ dójú ti ìyàwó rẹ. Ní báyìí, o fẹ́ kí n bá ọ bẹ àbúrò rẹ pé kó wá gbé ìyá lọ, kí ìyàwó rẹ má baà máa jìyà nínú ara rẹ̀. O rò pé àánú lo ń ṣe é. N kò sọ pé kì í ṣe àánú.

Ṣùgbọ́n òtútù ìdájí ni ìwọ ń bá ìyá rẹ nínú rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ni ìyàwó rẹ ń bá a nínú rẹ̀, lábẹ́ páànù ilé yín tí mo mọ̀ bó ṣe ń gbóná. Ìyá kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń tọ́jú. O ti rí ibi tí ọwọ́ ìyàwó rẹ ń bọ́ sí lójoojúmọ́, kì í sì í yẹ̀. Ẹni tí nǹkan bá sú kì í ṣe nǹkan ọ̀hún bákan náà lójoojúmọ́. Ọdún méjì nìyí, o kò sì tíì bi í léèrè rí.

N kò ní ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ. Lọ sílé, kí o bi ìyàwó rẹ pé kí ló ń rí lára ìyá lọ́sàn-án tí ìwọ kò rí. Bí o bá sì béèrè tán, dákẹ́, kí o jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Àga tí o jókòó lé yìí ni òun náà jókòó lé níjẹta, ó ń bẹ̀ mí pé kí n wá ẹni tó máa gbé ìyá lọ fún ìgbà díẹ̀, torí ó dá a lójú pé ìyá rẹ ti sú ọ.